Fèrèsé Ẹ̀rọ CNC: Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Pààrọ̀ Èyí Tó Ṣì Mọ́ Gaara?

Àwọn tó fi owó wọn ra ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé irin, ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe oníṣẹ́ irin fúnra wọn, máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣáá: "Fèrèsé yìí kò fọ́, kò sán, mo ṣì ń rí inú ẹ̀rọ kedere. Kí ló wá dé tí ìwé ẹ̀rọ fi ní kí n yọ ọ́, kí n ra òmíràn?" Ìbéèrè tó bójú mu ni. Fèrèsé náà kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú, ó sì lè pẹ́ lọ́nà kó tó dé láti òkèèrè. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ojú la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tó gbé e dé ibẹ̀ ju iṣẹ́ ojú lọ.

Ààbò ni ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ CNC. Irin ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀, kí ohunkóhun tó bá já nínú ẹ̀rọ má bàa bá ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé oníṣẹ́ ní láti máa rí ohun tó ń lọ, wọ́n gé ihò sára irin náà, wọ́n sì fi ohun tó mọ́ gaara dí i. Ohun tí wọ́n fi dí ihò yẹn gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ irin tí wọ́n gé kúrò. Bí kò bá lè ṣe é mọ́, ihò la dá padà sí iwájú àyà èèyàn, kódà bí ihò náà bá ń dán.

Kí ló lè já? Ẹ jẹ́ ká mú lathe, nítorí òun ni tirẹ̀ le jù. Lórí lathe, irin tí à ń gé ló ń yí, chuck ló sì dì í mú. Chuck náà sábà máa ń ní eyín mẹ́ta, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní jaw. Bóòtù tó de jaw kan lè já. Agbára hydraulic, ìyẹn ìfúnpá òróró tó ń fún chuck mọ́ra, lè rẹlẹ̀. Wọ́n lè di irin náà mú ní ibi tó kéré jù, kó sì yọ nígbà tí ọ̀bẹ bá kàn án. Ohun tó bá já lọ́nà báyìí kì í ṣubú sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Eré tó wà lára rẹ̀ nígbà tó ń yí ló máa bá jáde, tààrà ló sì máa lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Chuck tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 250, tó ń yí ní ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sáré ní nǹkan bíi mítà 52 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 188 láàárín wákàtí kan. Jaw tó wọn kìlógíráàmù 1, tó bá já ní etí yẹn, gbé agbára tó tó joule 1,370 dání. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe tó, ẹ wo àpò sìmẹ́ǹtì kan, oní kìlógíráàmù 50, tó já láti ibi tó ga fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3. Agbára kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àpò sìmẹ́ǹtì fẹ̀, ó sì rọ̀, nígbà tí jaw kó gbogbo agbára tirẹ̀ jọ sí ìgun irin kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ohun kan tún wà nínú ìṣirò yìí tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Chuck kan náà, jaw kan náà, bí ẹ bá ń yí i ní ìgbà 2,000 dípò 4,000, joule 343 péré ló máa gbé. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń rọra yí fi lè wà láìsí ìlẹ̀kùn rárá, tí ẹ̀rọ òde òní kò sì gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀.

Lórí machining centre, irú ẹ̀rọ CNC kejì, ọ̀bẹ ló ń yí, irin tí à ń gé ló dúró. Ohun tó ń já níbẹ̀ sábà máa ń kéré: ẹnu carbide (ohun líle tí wọ́n fi ń gé irin) tó bọ́ lára ọ̀bẹ, tàbí ọ̀bẹ tó kán. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ eré tó ń bá jáde pọ̀. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni ìlànà àgbáyé fi pín wọn: ISO 23125 wà fún lathe, ISO 16090-1 wà fún machining centre. Bí wọ́n ṣe ń dán fèrèsé wò ni pé wọ́n máa ń yin irin líle lù ú ní yàrá ìdánwò. Ti machining centre jẹ́ gíráàmù 100. Ti lathe wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, bí chuck bá sì ṣe tóbi tó ni irin tí wọ́n ń yìn náà ṣe ń wúwo tó. Ó lè tó kìlógíráàmù 2.5. Wọ́n á wò ó bóyá irin náà là á kọjá, tàbí bóyá fèrèsé náà fò yọ kúrò nínú férémù rẹ̀. Fèrèsé tuntun ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìdánwò yìí. Nọ́ńbà tó sọ bí fèrèsé ṣe lágbára tó nínú ìwé ẹ̀rọ yín, nọ́ńbà fèrèsé tuntun ni.

Ike tó ń gba ìyà

Polycarbonate ni wọ́n ń fi ṣe é, ike kan tí Hermann Schnell ṣàwárí ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì lọ́dún 1953. Lọ́dún yẹn kan náà, Daniel Fox ní General Electric ní Amẹ́ríkà ṣàwárí rẹ̀ lọ́tọ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan gbọ́ nípa ẹnì kejì. Makrolon ni Bayer pe tirẹ̀, General Electric pe tirẹ̀ ní Lexan. Ẹ ti ń lò ó tipẹ́: òun ni wọ́n fi ṣe CD, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìgò omi ńlá tí à ń gbé dojú dé orí dispenser. Akoto tó mọ́ gaara tí àwọn tó rin orí òṣùpá nínú ètò Apollo dé sórí, polycarbonate ni.

Ohun tó mú kó yàtọ̀ sí gíláàsì ni ìwà rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá lù ú. Gíláàsì kì í tẹ̀. Bí agbára bá ti ju ohun tó lè gbà lọ, ó fọ́ nìyẹn. Polycarbonate máa ń tẹ̀. Bí irin bá ta lù ú, á wú jáde síta, á nà, ibi tó gba ọgbẹ́ á sì di kòtò bí ọpọ́n kékeré, agbára tó wà lára irin náà á tán sínú títẹ̀ àti nínà yẹn. Títẹ̀ yìí gan-an la ń sanwó fún. Ike tó mọ́ gaara ṣùgbọ́n tí kò lè tẹ̀ mọ́ kò wúlò níbẹ̀.

Polycarbonate ní àléébù tirẹ̀. Nǹkan máa ń tètè ha ara rẹ̀, èérún irin tó gbóná lè jó o, ọ̀pọ̀ kẹ́míkà sì ni kò bá a lára mu. Nítorí náà, nínú fèrèsé tí wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n máa ń fi gíláàsì bo ojú rẹ̀ tó kọjú sí inú ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀ yíká kí omi má bàa ráyè wọlé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ lóye. Wọ́n rò pé gíláàsì ló ń dáàbò bo èèyàn. Rárá o. Gíláàsì ló ń dáàbò bo ike, ike ló ń dáàbò bo èèyàn. Bí gíláàsì inú bá sán, iṣẹ́ kò tíì dojú rú lọ́jọ́ náà, nítorí ike tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà. Àmọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn lọ ni coolant, omi tí à ń dà sí irin kó má bàa gbóná nígbà tí à ń gé e, ti ń dé ara ike náà, ìparun rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí coolant ń ṣe fún un

Coolant ni olórí ọ̀tá rẹ̀. Èyí tí à ń po mọ́ omi, tó funfun bíi wàrà, kì í ṣe omi àti òróró lásán. Wọ́n fi amine, irú kẹ́míkà kan, sínú rẹ̀ kí ẹ̀rọ má bàa dípẹtà, kí kòkòrò má sì tètè sọ ọ́ di ohun tó ń rùn. Òun ló ń mú kí pH rẹ̀, ìwọ̀n tó ń sọ bóyá nǹkan kan bí omi ọsàn tàbí bí omi eérú, wà ní nǹkan bíi 9, ìyẹn apá ti omi eérú. Ohun tó dára fún irin yìí kò dára fún polycarbonate rárá. Ẹ̀wọ̀n gígùn gígùn ni ike yìí jẹ́ bí a bá wo inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ẹ̀wọ̀n kan lọ́ mọ́ òmíràn. Gígùn ẹ̀wọ̀n yẹn ló jẹ́ kó lè nà kó tó já. Amine àti omi tó ní irú pH bẹ́ẹ̀ ń gé àwọn ẹ̀wọ̀n náà kúrú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti kúrú tó, ike kò ní lè tẹ̀ mọ́, á di ohun tó gan, bí nǹkan bá sì lù ú, ńṣe ló máa fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ sì wò ó, gígé tí wọ́n ń gé ẹ̀wọ̀n kúrú yìí kò ní kí ìmọ́lẹ̀ má kọjá. Ike náà lè ti pàdánù ìdajì agbára rẹ̀, kó ṣì mọ́ gaara lójú yín. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ojú lè sọ pé fèrèsé ti bàjẹ́, àmọ́ ojú kò lè sọ pé ó ṣì dára.

Haas, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni rẹ̀ pé coolant àti kẹ́míkà tó ní amine lè mú kí fèrèsé polycarbonate pàdánù tó ìdá 10 nínú 100 agbára tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì dámọ̀ràn kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. "Tó ṣẹ́kù" ni kí ẹ fi ojú sí. Bí ó bá bàjẹ́ tó bí wọ́n ṣe sọ pé ó lè bàjẹ́ tó, ìṣirò tèmi fún un rèé: lẹ́yìn ọdún 5, nǹkan bíi 59 nínú 100 ló kù; lẹ́yìn ọdún 10, ó ti di 35. Ẹ̀rọ ọlọ́dún mẹ́wàá sì rèé, ẹ̀rọ tó ṣì lágbára ni, tó ṣì ń yí chuck rẹ̀ ní 4,000 bó ṣe ń yí i nígbà tó wà ní tuntun. Agbára tó ń lu fèrèsé kò dín, agbára tó fẹ́ gbà á ló ti dín.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi gíláàsì bo inú tí wọ́n sì dí etí rẹ̀ pa máa ń fún fèrèsé tiwọn ní ọdún tó gùn ju ọdún méjì lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "ọdún báyìí ni fèrèsé CNC ń lò," ẹ bi í pé ti ẹ̀rọ wo. Ọdún tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ yín, tàbí tó wà lára àmì tí wọ́n tẹ̀ sí igun fèrèsé náà, lẹ máa tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọgbọ́n àwọn tó fẹ́ ta ọjà nìkan. HSE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àti DGUV, èyí tó ń rí sí owó ìdójútòfò ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ ní Jámánì, ti kọ ìwé ìmọ̀ràn lé e lórí. Àwọn méjèèjì kò ní fèrèsé tí wọ́n ń tà.

Ìtànṣán oòrùn àti iná tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀ náà ń ba polycarbonate jẹ́, àmọ́ láti ìta ni tiwọn. Bí ẹ̀rọ yín bá kọjú sí ibi tí wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi aṣọ ìdábùú pín àárín wọn.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ iná rẹ̀ pátápátá, kí ẹ ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹ fi omi tí wọ́n po ọṣẹ olómi tí kò le mọ́, àti aṣọ tó rọ̀, fọ fèrèsé náà nínú àti níta. Kí ẹ tó mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ìka tẹ rọ́bà etí rẹ̀ yíká. Rọ́bà tó ṣì dára máa ń rọ̀, ó máa ń dá ara rẹ̀ padà. Èyí tó ti gbó á le kankan, á ti súnkì, ẹ sì máa rí i ní àwọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé àlàfo ti wà láàárín rọ́bà kan àti èkejì. Ibẹ̀ ni coolant ń gbà wọlé.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má tàn án tààrà sí ojú fèrèsé, ẹ fi í lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ojú ike náà lọ. Bí ike bá ti ń sán nínú, ẹ máa rí àwọn ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń kọ mànà bíi fàdákà nígbà tí ẹ bá ń yí tọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á sì pòórá bí ẹ bá gbé e sí iwájú tààrà. Wọ́n kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Etí ni kí ẹ wò, àti yíká ibi tí bóòtù bá wà, nítorí ibẹ̀ ni ike ti ń rí ìfúnpá nígbà gbogbo. Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù ni etí ìsàlẹ̀. Coolant máa ń ṣàn wá síbẹ̀, á dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ sì lè rí ìlà ọ̀rinrin kan tó ti gòkè díẹ̀ láàárín gíláàsì àti ike, tàbí ìkùukùu funfun tí nínù kò lè mú kúrò nítorí pé àárín àwọn méjèèjì ló wà. Bí ẹ bá rí ìyẹn, coolant ti ń bá ike náà gbé nìyẹn, ẹ kò sì lè mọ ìgbà tó ti wọlé.

Àwọn àmì mìíràn kò ṣòro láti rí: gíláàsì inú tó sán, ike tó ti gba àwọ̀ ìyeyè, afẹ́fẹ́ tó lé bí ìléròrò láàárín wọn, ibi tó ti di kòtò nítorí pé nǹkan lù ú rí. Ibi tó di kòtò yẹn, àwọn kan máa ń fi yangàn pé "ó gbà á, kò sì fọ́." Òótọ́ ni pé ó gbà á. Ibi tó ti nà lẹ́ẹ̀kan kò ní lè nà bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí bá wà, ẹ pààrọ̀ fèrèsé náà, bí ọdún rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì pé. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ọdún tí ìwé sọ ṣì dúró.

Ọ̀nà tí à ń gbà tọ́jú rẹ̀ náà lè pa á. Bẹntiróòlù, tínà àti acetone, ẹ má ṣe fi wọ́n kàn án rárá. Wọ́n lè mú kí ike tó wà lábẹ́ ìfúnpá sán láàárín àkókò kúkúrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sí ẹnu bóòtù kó má bàa tú. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ èérún irin lù ú, nítorí á ti coolant gba abẹ́ rọ́bà wọlé. Ẹ má lẹ sítíkà mọ́ ojú ike. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan, irin ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Ohun tí à ń rà dípò rẹ̀

Ọmọ iṣẹ́ kan lè wo fèrèsé tó sán kó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n lọ gé Perspex wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe sáìn-bọ́ọ̀dù, ọ̀sán òní la máa parí ẹ̀." Ọ̀gá tó bá mọ iṣẹ́ á dá a dúró níbẹ̀. Acrylic, ike mìíràn, ni Perspex. Bí ẹ bá gbé òun àti polycarbonate sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Acrylic tilẹ̀ máa ń mọ́ jù ú lọ, nǹkan kì í sì í tètè ha á. Bí irin bá ta lù ú, kò ní tẹ̀. Á fọ́ sí wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu mímú, tí àwọn náà á sì máa fò lọ bá ẹni tó dúró níwájú. Ẹ ti fi ọta kún ọta nìyẹn. Gíláàsì mọ́tò kò ṣe é, gíláàsì ilé kò ṣe é. Ike polycarbonate oníhò nínú tí àwọn èèyàn fi ń bo iwájú ilé náà kò ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Bí ẹ bá wá rí polycarbonate gidi rà ńkọ́, tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀? Ó ṣì ku ọ̀rọ̀ férémù. Mo ti sọ pé ike náà máa ń wú síta nígbà tí nǹkan bá lù ú. Bó ṣe ń wú ni etí rẹ̀ ń fà kúrò nínú férémù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi máa ń jẹ́ kí etí rẹ̀ wọnú férémù jìnnà ju bí ojú ṣe rò pé ó yẹ lọ. Bí káfíńtà bá gé e kúrú ní mìlímítà mélòó kan, kó lè tètè wọlé, fèrèsé náà á dúró dáadáa ní gbogbo ọjọ́ tí nǹkan kò lù ú. Ọjọ́ tí nǹkan bá lù ú, odindi rẹ̀ ló máa fò yọ, òun àti irin tó lù ú. Lílu ihò sára rẹ̀ kí bóòtù lè kọjá, níbi tí ti tẹ́lẹ̀ kò ti ní ihò, burú bákan náà: etí ihò yẹn ni yóò kọ́kọ́ sán. Kí ẹ má sì di bóòtù férémù mọ́lẹ̀ kọjá bí ìwé ṣe sọ, nítorí ike tí a fún pọ̀ jù ni coolant ń tètè pa.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ni ó dára jù láti rà á. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ti kógbá sílé, àwọn kan wà ní Yúróòpù tó jẹ́ pé fèrèsé ẹ̀rọ nìkan ni iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe é ní ìwọ̀n tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Wọ́n á béèrè gígùn àti fífẹ̀, bí ipele kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn, bí etí ṣe wọnú férémù tó, ìwọ̀n chuck, àti iye ìgbà tí spindle, ọ̀pá tó ń yí chuck tàbí ọ̀bẹ, lè yí jù lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ ta fèrèsé fún yín tí kò béèrè eré spindle, ẹ má ra tirẹ̀. Ẹ gba ìwé tó sọ irú ìdánwò tí fèrèsé náà kọjá, kí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni mo wí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Fèrèsé tó wà nínú sítọ́ọ̀ náà ń dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yára tó èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan pamọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó wà lára rẹ̀, kó wà níbi tí oòrùn kò dé, kó jìnnà sí òórùn kẹ́míkà.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó wà ní Nàìjíríà gidi gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ irin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ló ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní òkèèrè kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn spindle, á wo ojú ọ̀nà tí ọ̀bẹ ń rìn, á bèèrè nípa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kó bèèrè nípa fèrèsé. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004, fèrèsé ọdún 2004 ló wà lára rẹ̀ àyàfi tí ẹnì kan bá ní ìwé láti fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé yẹn. Bí kò bá sí, ẹ fi owó fèrèsé tuntun kún owó ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń ná an, kí ẹ tó sanwó, nítorí lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán, gbèsè yín ni.

Òfin náà wà níbẹ̀. Factories Act ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé kí wọ́n fi ààbò bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ, kí ààbò náà lágbára, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yẹn kan fèrèsé. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni ẹrù yìí wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ tó dúró níwájú ẹ̀rọ, tí wọn kò sì sọ fún un pé ike tó ń wò yẹn ti dàgbà jù ú lọ.

Tí fèrèsé tuntun kò bá tíì dé ńkọ́? Bí èyí tó wà lára ẹ̀rọ bá ti sán tàbí tó ti ní kòtò, ẹ pa ẹ̀rọ náà tì. Kò sí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀. Bí ọdún rẹ̀ nìkan ló pé, tí kò sí àmì kankan lára rẹ̀, ẹ dín eré spindle kù láàárín ìgbà tí ẹ ń dúró, kí ẹ sì ti ìdínkù náà mọ́ inú control, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà, kí ẹlòmíràn má bàa gbé e sókè. Ẹ rántí ìṣirò tòkè yẹn: ìdajì eré, ìdá mẹ́rin agbára. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ má dúró kọjú sí chuck nígbà tó bá ń yí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni èyí wà fún, kì í ṣe ọdún kan.

Àwọn tó ń lo lathe tí a ń fi ọwọ́ darí, tí kò ní ìlẹ̀kùn, kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ike tó mọ́ gaara tó bo orí chuck, tàbí èyí tó wà níwájú òkúta tí à ń fi lọ irin, polycarbonate náà ló sábà máa ń jẹ́, coolant àti òróró kan náà ló sì ń ta sí i lára, láìsí gíláàsì tó bò ó rárá. Tiwọn máa ń tètè gbó, owó wọn sì kéré. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lo èyí tó ti pọ́n.

Nígbà tí ẹ bá ti fi tuntun sí i, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí ẹ fi sí i sára irin ìlẹ̀kùn, àti sínú ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ. Ti àtijọ́ tí ẹ yọ, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ṣì mọ́, ó ṣì nípọn, ẹnì kan á rí i lọ́jọ́ kan tí ọ̀kan bá sán, á sì fẹ́ fi í dí ihò. Ẹ fi ayùn gé e sí méjì lọ́jọ́ náà gan-an.